Fáírọ́ọ̀sì Ti Kú, Kọ̀ǹpútà Ṣì Ń Wọ́

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé bí kọ̀ǹpútà bá ti ń lọ́ra, fáírọ́ọ̀sì ló wọ̀ ọ́, àti pé bí fáírọ́ọ̀sì náà bá ti kúrò, eré tí ẹ̀rọ ń sá tẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ padà wá lójú ẹsẹ̀. Èrò méjèèjì kò pé. Kọ̀ǹpútà lè máa wọ́ láìsí fáírọ́ọ̀sì kankan nínú rẹ̀. A sì lè pa fáírọ́ọ̀sì tán pátápátá kí ẹ̀rọ náà ṣì máa fi ìṣẹ́jú márùn-ún tàn. Iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni pípa kòkòrò àti títún ohun tí kòkòrò bà jẹ́ ṣe. Ẹni tó fín oògùn sí ikán inú àjà ti pa ikán lóòótọ́, ṣùgbọ́n igi tí ikán ti jẹ ṣì wà lókè níbẹ̀, kò sì sí oògùn tó lè sọ ọ́ di igi líle padà. Káfíńtà ló kù tí yóò wá pààrọ̀ rẹ̀.

Iṣẹ́ kejì yẹn ni wọ́n sábà máa ń fò, òun ni mo sì fẹ́ kí a fara balẹ̀ yẹ̀ wò jù. Windows ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí òun ló wà lórí ọ̀pọ̀ jù lọ láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí à ń rà ní Ìkẹjà àti nígboro Ìbàdàn.

Kí ni à ń pè ní fáírọ́ọ̀sì gan-an?

Ètò kọ̀ǹpútà ni, bí Word àti Excel ṣe jẹ́ ètò. Ènìyàn ló jókòó tó kọ ọ́. Kì í jáde láti inú eruku, kì í sì í fò láti ara ẹ̀rọ kan sí òmíràn nítorí pé a gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lórí tábìlì. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ ni pé ó mọ bí yóò ṣe da ara rẹ̀ kọ: bí a bá ṣí fáìlì tó sá pamọ́ sí, yóò wọ inú fáìlì mìíràn, láti ibẹ̀ yóò tún wọ òmíràn. Ní 1983 ni Fred Cohen, tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Southern California, ṣe àfihàn irú ètò bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ rẹ̀, Len Adleman, ló dábàá orúkọ tí gbogbo ayé wá ń pè é.

Ní 1986 ni èyí tí wọ́n ń pè ní Brain jáde láti ìlú Lahore ní Pakistan. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan, Basit àti Amjad Farooq Alvi, ló kọ ọ́, wọ́n sì fi orúkọ, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà tẹlifóònù ara wọn sínú rẹ̀, ohun tí kò sí ọ̀daràn òde òní tó jẹ́ dán wò. Brain kì í pa ìwé oníwèé rẹ́. Ó kàn ń gba ìwọ̀nba àyè lára ìrántí kọ̀ǹpútà, ó sì ń mú kí díìsìkì pẹlẹbẹ ìgbà náà máa lọ́ra. Ìlọ́ra ti ń bá fáírọ́ọ̀sì rìn láti kékeré rẹ̀.

Lónìí, irú èyí tó ń so ara rẹ̀ mọ́ fáìlì kò pọ̀ tó àwọn ìbátan rẹ̀ mọ́. Wọ́ọ̀mù kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣí fáìlì. Orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń gbà rìn fúnra rẹ̀. Trojan ní tirẹ̀ máa ń múra bí ohun rere: ẹ rò pé Microsoft Office ọ̀fẹ́ lẹ̀ ń gbà sílẹ̀, nǹkan mìíràn ti bá a wọlé. Òmíràn ń rọ̀jò ìpolówó sójú bíráúsà. Òmíràn sì ń fi agbára kọ̀ǹpútà yín ṣe ìṣirò tó ń mú owó orí íntánẹ́ẹ̀tì bíi Monero wọ àpò ẹlòmíràn, ẹ̀yin lẹ ó máa san owó iná. Gbogbo wọn là ń pè ní fáírọ́ọ̀sì lẹ́nu ọjà, bẹ́ẹ̀ náà ni màá sì máa pè wọ́n níbí.

Ibi tí eré ń gbà lọ

Bí ẹnì kan bá fẹ́ mọ ìdí tí fáírọ́ọ̀sì fi ń mú ẹ̀rọ lọ́ra, ìtàn wọ́ọ̀mù Morris ni kó gbọ́. Ní ọjọ́ 2 oṣù kọkànlá ọdún 1988, Robert Tappan Morris, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà, tú ètò kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó ṣì kéré gan-an nígbà náà. Ètò yìí kò pa fáìlì rẹ́, kò jí kọ́bọ̀ ẹnikẹ́ni. Bó bá dé orí ẹ̀rọ kan, yóò kọ́kọ́ béèrè bóyá ẹ̀dà rẹ̀ ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti rò ó pé àwọn alábòójútó lè kọ́ ẹ̀rọ wọn láti máa purọ́ pé "ó ti wà níbí", kí wọ́n lè fi lé e sẹ́yìn. Ó bá ṣètò rẹ̀ pé, nínú ìgbà méje, kó dúró síbẹ̀ nígbà kan, bó ti wù kí ìdáhùn rí.

Ìṣirò yẹn ló ba gbogbo nǹkan jẹ́. Ẹ̀dà kan di méjì, méjì di ọ̀pọ̀, lórí ẹ̀rọ kan ṣoṣo, gbogbo wọn ń béèrè àyè lọ́wọ́ CPU lẹ́ẹ̀kan náà, títí iṣẹ́ tí oníǹkan fẹ́ ṣe kò fi ráyè mọ́. Wọ́n fojú bù ú pé nǹkan bí 6,000 kọ̀ǹpútà ló kàn. Ilé ẹjọ́ dá Morris lẹ́bi ní 1990, wọ́n ní kó fi 400 wákàtí ṣiṣẹ́ sin ìlú, kó sì san owó ìtanràn. Nígbà tó yá, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní MIT.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyẹn náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí láptọ́ọ̀pù wa. Kì í rẹ kọ̀ǹpútà. Agbára tó ní lánàá náà ló ní lónìí. Àwọn tó ń pín in ló pọ̀ sí i. CPU ló ń ṣe ìṣirò; bí ètò àjèjì bá gba ìdá 80 nínú 100 rẹ̀, ìdá 20 tó kù ni Word yín yóò máa fi ṣiṣẹ́. RAM ni àyè tí gbogbo ètò tó ṣí ń dúró sí. Tó bá kún, Windows yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kó lára ohun tó wà nínú rẹ̀ sórí díìsìkì, yóò sì tún máa gbé e padà nígbà tó bá nílò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ díìsìkì lọ́ra ju RAM lọ fíìfíì. Àlọ-àbọ̀ yìí ló máa ń fà á tí ẹ ó fi tẹ bọ́tìnnì kan tí nǹkan kan kò ní ṣẹlẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, àfi kí ohun mẹ́ta ṣí pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ti íntánẹ́ẹ̀tì, ẹni tí fáírọ́ọ̀sì ń fi ẹ̀rọ rẹ̀ ránṣẹ́ káàkiri yóò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára dátà tó ń tán láìnídìí.

Ẹ wò ó kí ẹ tó fẹ̀sùn kàn án

Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀. Task Manager ni yóò jáde. Ibẹ̀ ni Windows ti ń to orúkọ gbogbo ètò tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, tó sì ń fi hàn bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń lo CPU, Memory, Disk àti Network. Bí ẹ bá tẹ orí CPU, èyí tó ń lò ó jù yóò bọ́ sókè pátápátá. Ẹ má ṣe wò ó ní kété tí ẹ tan ẹ̀rọ. Gbogbo kọ̀ǹpútà ló máa ń dà bí aláìsàn nígbà náà, torí pé Windows ṣì ń kó ẹrù rẹ̀ jáde. Ẹ jẹ́ kí nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá ná.

Ó ṣeé ṣe kí ẹ rí i pé kò sí ọ̀daràn níbẹ̀. Windows Update lè máa gba àtúnṣe sílẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ Antimalware Service Executable sí lára ni Defender fúnra rẹ̀, ààbò tó bá Windows wá, tó ń yẹ fáìlì yín wò. Mo ti gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń pè é ní fáírọ́ọ̀sì, tí wọ́n sì ń wá ọ̀nà láti pa á. Bíráúsà tí ojú ewé ogójì ṣí sílẹ̀ nínú rẹ̀ sì lè fi RAM ṣòfò ju fáírọ́ọ̀sì lọ.

Ohun tó yẹ kó mú ìfura wá ni ètò tí ẹ kò mọ̀ rí, tó ń lo CPU gidigidi nígbà tí ẹ kò ṣe nǹkan kan. Àwọn mìíràn máa ń jẹ́ orúkọ ẹni rere. Ètò Windows gidi ni svchost.exe, ó sì sábà máa ń pọ̀ lórí àtẹ náà, nítorí náà fáírọ́ọ̀sì fẹ́ràn láti máa jẹ́ orúkọ yẹn tàbí èyí tó jọ ọ́. Ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì tẹ orúkọ náà, ẹ yan Open file location. Bó bá gbé yín lọ sí C:\Windows\System32, ẹ fi sílẹ̀. Bó bá gbé yín lọ sínú AppData tàbí Temp, ẹ ní àlejò. Àwọn tó ń wa owó orí íntánẹ́ẹ̀tì tún ní ọgbọ́n kan: wọ́n á dáwọ́ iṣẹ́ dúró gbàrà tí Task Manager bá ti ṣí. Bí fáànù ẹ̀rọ yín bá ń pariwo, tó dákẹ́ nígbà tí ẹ ṣí Task Manager, tó tún bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹ pa á dé, ẹ má tún wádìí jìnnà mọ́.

Pípa á

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ pa Wi-Fi, ẹ sì da ìwé, fọ́tò àti ohun iyebíye yín kọ sórí díìsìkì mìíràn. Ìwé àti fọ́tò ni mo sọ. Ẹ má ṣe kó àwọn ètò tí orúkọ wọn parí sí .exe dání, torí inú wọn ni àjèjì náà lè wà. Ẹ má sì ṣe ṣí báǹkì yín lórí ẹ̀rọ náà títí iṣẹ́ yóò fi parí.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí Windows Security, ẹ lọ sí Virus & threat protection. Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó wò níbẹ̀ ni ohun tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ kì í wò rárá, ìyẹn Exclusions. Àwọn fódà tí wọ́n ti sọ fún Defender pé kó má ṣe yẹ̀ wò ló wà níbẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì tó gbọ́n máa ń kọ ibùgbé ara rẹ̀ síbẹ̀ ní ọjọ́ tó bá wọlé, èyí ló sì ń fà á tí ènìyàn fi máa yẹ ẹ̀rọ wò látòkè délẹ̀ tí yóò rí i pé "kò sí ewu". Àwọn ètò tí wọ́n fi ń ṣí Windows tàbí Office láìsanwó pàápàá máa ń ní kí oníǹkan fọwọ́ ara rẹ̀ pa ààbò kí wọ́n tó ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá rí nǹkan tí ẹ kò fi síbẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò.

Nígbà náà ni kí ẹ tó ṣe Full scan. Lórí díìsìkì onírin àtijọ́, ó lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí, ẹ̀rọ yóò sì túbọ̀ lọ́ra nígbà tó bá ń lọ lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kó lọ́ra. Tó bá parí, ẹ padà sí Scan options, ẹ yan èyí tí wọ́n pè ní offline scan. Kọ̀ǹpútà yóò kú, yóò sì tún tàn, ṣùgbọ́n kò ní dé inú Windows. Defender nìkan ni yóò jí. Ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ wà, nítorí fáírọ́ọ̀sì tó mọ bí wọ́n ṣe ń sá pamọ́ nínú Windows kò ní ibi tí yóò sá sí nígbà tí Windows fúnra rẹ̀ kò tíì jí. Nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló máa ń gbà. Ẹ rí i dájú pé bátìrì kún, torí pé iná kì í sọ fúnni kó tó lọ.

Bí ọkàn yín kò bá tíì balẹ̀, Microsoft Safety Scanner wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún ìyẹ̀wò kejì. Ètò kan tí ẹ kàn ń ṣí ni, kì í jókòó sórí ẹ̀rọ. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn tí ẹ gbà á sílẹ̀, kò ní ṣiṣẹ́ mọ́, ẹ ó gba tuntun. Ohun tí kò yẹ kí ẹ ṣe ni kí ẹ fi áńtífáírọ́ọ̀sì méjì tàbí mẹ́ta sórí ẹ̀rọ kan pé kí ààbò lè pọ̀. Olúkúlùkù wọn ló fẹ́ wo gbogbo fáìlì kí ó tó ṣí, wọ́n á sì máa fura sí ara wọn. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ń sọ pé fáírọ́ọ̀sì ń yọ lẹ́nu, áńtífáírọ́ọ̀sì mẹ́ta ló ń yọ ọ́ lẹ́nu.

Fíláàṣì tí fódà ti di shortcut

Ibí yìí yẹ kó dá dúró fúnra rẹ̀, torí ojú ọ̀nà kan tí fáírọ́ọ̀sì ń gbà wọlé lọ́dọ̀ wa nìyí. Ẹ gbé fíláàṣì lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tẹ ìwé, ẹ gbé e dé ilé, gbogbo fódà inú rẹ̀ ti kéré, ọfà kékeré sì wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹlòmíràn yóò rò pé ìwé òun ti pòórá. Kò pòórá. Fáírọ́ọ̀sì náà kàn fi àmì "ìpamọ́" àti àmì "ti Windows" sára fódà gidi kí ojú má lè rí i, ó sì fi àwòrán irọ́ rọ́pò rẹ̀. Bí ẹ bá tẹ àwòrán náà, yóò ṣí fódà yín lóòótọ́ kí ẹ má baà fura, ṣùgbọ́n yóò ti kọ́kọ́ jí fáírọ́ọ̀sì náà sórí kọ̀ǹpútà yín.

Nígbà kan, kò tilẹ̀ nílò kí ẹ tẹ nǹkan kan. Windows àtijọ́ máa ń ka fáìlì kan tó ń jẹ́ autorun.inf gbàrà tí fíláàṣì bá wọlé, yóò sì ṣe ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ọ̀nà yìí wà lára èyí tí wọ́ọ̀mù Conficker, tó jáde ní 2008, gbà tàn káàkiri ayé. Ní 2011 ni Microsoft fi àtúnṣe ránṣẹ́ láti pa àṣà yìí lórí Windows XP àti Vista. Láti ìgbà náà, àwọn olè ní láti tan ènìyàn kó tẹ nǹkan fúnra rẹ̀, ohun tí ọfà kékeré yẹn sì wà fún nìyẹn.

Àtúnṣe rẹ̀ kò gba owó. Ẹ kọ́kọ́ rí i pé kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ti mọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, bí ẹ ṣe ń tún fíláàṣì ṣe ni ẹ̀rọ yóò máa bà á jẹ́ padà. Ẹ jẹ́ kí Defender yẹ fíláàṣì náà wò. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí Command Prompt, ẹ kọ èyí, ẹ sì fi lẹ́tà tí fíláàṣì yín ń jẹ́ rọ́pò E:

attrib -h -r -s /s /d E:\*.*

Ohun tí àṣẹ yìí ń ṣe kò ju pé ó ń yọ àwọn àmì ìpamọ́ kúrò lára gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Fódà gidi yóò jáde. Ẹ wá pa gbogbo shortcut náà rẹ́, pẹ̀lú fáìlì àjèjì èyíkéyìí tí orúkọ rẹ̀ parí sí .vbs tàbí .exe tí ẹ kò mọ̀. Ẹni tó bá ní kí ẹ fọ́máàtì fíláàṣì náà kí gbogbo iṣẹ́ ìwádìí ọmọ yín ní yunifásítì lè ṣègbé, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ gba fíláàṣì yín padà.

Igi àjà

Fáírọ́ọ̀sì ti kú báyìí. Kí ló dé tí ẹ̀rọ kò tíì yára?

Ọ̀pọ̀ ìgbà, ohun tó fi sílẹ̀ ni. Ẹ padà sí Task Manager, ẹ wo Startup apps. Gbogbo ohun tó ń dìde pọ̀ pẹ̀lú kọ̀ǹpútà ló wà níbẹ̀: lára wọn ni àṣẹ tí fáírọ́ọ̀sì kọ tó ṣì ń wá fáìlì tí kò sí mọ́, àti àwọn ètò yín gan-an tí kò nídìí tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ jí ní òwúrọ̀. Ẹ yan Disable fún èyí tí ẹ kò nílò. Kò pa ètò náà rẹ́, ó kàn ní kó dúró dìgbà tí ẹ bá pè é. Ẹ wo Task Scheduler pẹ̀lú, torí pé ibẹ̀ ni fáírọ́ọ̀sì máa ń kọ ọ́ sí pé kí wọ́n tún òun gbé wá ní wákàtí báyìí-báyìí. Bí fáírọ́ọ̀sì kan bá ń kú tó ń jí, ẹ lọ wò ó níbẹ̀.

Bíráúsà ni èyí tó kàn. Ẹ ṣí Extensions, ẹ yọ gbogbo èyí tí ẹ kò rántí pé ẹ fi síbẹ̀. Bó bá jẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ló lọ́ra tí ìyókù ẹ̀rọ ń sáré, ẹ wọ Settings, ẹ lọ sí Network & internet, ẹ wo Proxy. Fáírọ́ọ̀sì máa ń darí gbogbo ìrìnnà yín gba ọ̀dọ̀ olówó rẹ̀ kọjá, nígbà tó bá sì kú, àdírẹ́sì náà ṣì wà níbẹ̀, bíráúsà á máa kan ilẹ̀kùn ilé tí kò sí ènìyàn nínú rẹ̀. Ẹni tí kì í lo proxy níbi iṣẹ́ kò nílò rẹ̀. Ẹ pa á.

Lẹ́yìn èyí ni fáìlì Windows fúnra rẹ̀ tó lè ti bàjẹ́. Ẹ ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí administrator, ẹ kọ DISM /Online /Cleanup-Image /RestoreHealth, ẹ dúró kó parí, ẹ wá kọ sfc /scannow. Èyí àkọ́kọ́ ń lọ gba fáìlì tó pé wá láti ọ̀dọ̀ Microsoft, nítorí náà yóò jẹ dátà. Èkejì ń fi wọ́n rọ́pò èyí tó bàjẹ́ lórí ẹ̀rọ yín.

Àwọn àṣà kan wà tí kò wúlò. Títẹ Refresh lójú kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀mẹwàá kì í fi eré kún nǹkan kan. Ó kàn ń tún àwọn àwòrán ojú rẹ̀ yà ni. Pípa ohun inú Temp rẹ́ dára bí díìsìkì bá ti kún dẹ́nu, ṣùgbọ́n pípa ohun inú Prefetch rẹ́, tí gbogbo ọmọ iṣẹ́ ń kọ́ lọ́wọ́ ara wọn, ìlọ́ra ló ń fà fún ìgbà díẹ̀, torí pé ibẹ̀ ni Windows ń kọ ọ̀nà tó yá láti ṣí ètò yín sí. Àwọn ètò tó sì ń pariwo pé àwọn yóò sọ kọ̀ǹpútà di tuntun nípa fífọ registry, Microsoft fúnra rẹ̀ kò fọwọ́ sí wọn. Òmíràn nínú wọn gan-an ni fáírọ́ọ̀sì.

Ṣé dandan ni fọ́máàtì?

"Ẹnjiníà, ẹ bá mi fọ́máàtì ẹ̀." Gbólóhùn yìí wọ́pọ̀ bí ẹni ń ra búrẹ́dì. Kò burú bí ìdí bá wà: bí fáírọ́ọ̀sì bá ń padà lẹ́yìn offline scan, bí Windows kò bá tàn mọ́, tàbí bí ẹ kò bá lè gbọ́kàn lé ẹ̀rọ náà mọ́ fún iṣẹ́ báǹkì. Nígbà náà, fọ́máàtì ló dájú jù. Windows 10 àti 11 ní ọ̀nà tiwọn tí wọ́n pè ní Reset this PC, nínú Recovery. Keep my files yóò fi ìwé yín sílẹ̀, Remove everything yóò kó gbogbo rẹ̀ dànù. Fún fáírọ́ọ̀sì líle, èkejì ni kí ẹ yan, lẹ́yìn tí ẹ bá ti da ìwé yín kọ síbòmíràn.

Àṣìṣe tó wà níbẹ̀ ni ohun tí wọ́n ń dá padà sórí ẹ̀rọ lẹ́yìn fọ́máàtì. Bó bá jẹ́ Windows tí wọ́n ti já àgádágodo rẹ̀ ni oníṣẹ́ fi sí i láti orí fíláàṣì rẹ̀, tí ó sì fi Office onírú kan náà tẹ̀ lé e, ó ṣeé ṣe kí fáírọ́ọ̀sì ti wà nínú ẹ̀rọ kí ó tó gbé e fún yín, ẹ ó sì ti sanwó iṣẹ́. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tó bá Windows 8 tàbí èyí tó tẹ̀ lé e wá sábà máa ń ní kọ́kọ́rọ́ Windows rẹ̀ nínú ara bọ́ọ̀dù. Bí ẹ bá gba Windows láti ojúlé Microsoft tí ẹ sì fi irú ẹ̀dà kan náà sí i, yóò ṣí ara rẹ̀ láìsí ètò olè kankan.

Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ bá mọ́, ẹ yí páásíwọ́ọ̀dù yín padà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ímeèlì. Ẹ tún yan ìjáde lórí gbogbo ẹ̀rọ nínú ètò ààbò ímeèlì náà. Ọ̀pọ̀ fáírọ́ọ̀sì òde òní kì í dúró gba páásíwọ́ọ̀dù. Ohun tó fi hàn pé ẹ ti wọlé tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń jí nínú bíráúsà, ìyẹn kì í sì í kú títí ẹ ó fi jáde níbi gbogbo.

Bó bá mọ́ tó ṣì ń wọ́

Ẹ̀rọ ti mọ́, Startup ti fúyẹ́, Windows ti pé, ó ṣì ń fi ìṣẹ́jú márùn-ún tàn. Ẹ ṣí Task Manager lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹ wo Disk. Bó bá dúró sí 100% nígbà tí ẹ kò ṣe nǹkan kan, ẹ wo irú díìsìkì tó wà nínú rẹ̀ lábẹ́ Performance. Bí ẹ bá rí HDD, ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí fáírọ́ọ̀sì. Irin pẹlẹbẹ tó ń yí ni HDD, èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù ń yí ní ìgbà 5,400 ní ìṣẹ́jú kan, abẹ́rẹ́ kékeré kan sì ń sáré síwá sẹ́yìn lórí rẹ̀ láti wá fáìlì. Windows òde òní ń béèrè ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì wẹ́wẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, abẹ́rẹ́ kan kò sì lè wà níbi méjì. SSD kò ní ohun tó ń yí nínú. Lórí láptọ́ọ̀pù àtijọ́, kò sí oògùn, kò sí fọ́máàtì, kò sí áńtífáírọ́ọ̀sì tó fi eré kún ẹ̀rọ tó bí pípààrọ̀ HDD sí SSD.

RAM ló tẹ̀ lé e. Bí Memory bá ń kún ní gbogbo ìgbà lórí ẹ̀rọ oní-4 GB, sísọ ọ́ di 8 yóò hàn. Ẹ fọwọ́ kan abẹ́ ẹ̀rọ náà pẹ̀lú: bó bá gbóná janjan, CPU fúnra rẹ̀ ń dín eré kù kó má baà jóná, eruku tó dí fáànù ló sì sábà máa ń fà á. Gbígbọn eruku yẹn dànù kò tó ìdajì wákàtí lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Àmọ́ bí HDD náà bá ń dún kọ́-kọ́-kọ́, tàbí tí fáìlì ń kọ̀ láti ṣí, ẹ má ṣe yẹ ẹ̀rọ wò mọ́, ẹ má sì ṣe DISM. Díìsìkì tó ń kú ni. Gbogbo wákàtí tí ẹ bá fi ń wá fáírọ́ọ̀sì lórí rẹ̀ ń mú ọjọ́ ikú rẹ̀ súnmọ́. Ẹ da ìwé yín kọ kúrò lórí rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí oníṣẹ́ bá sì ń fi SSD tuntun sí i, ẹ jókòó tì í, kí ẹ sì gba díìsìkì àtijọ́ náà dání lọ sílé, torí gbogbo ohun tí ẹ ti kọ láti ọjọ́ tí ẹ ra ẹ̀rọ ló ṣì wà lórí rẹ̀.